Àwòkọ́ṣe àti Olè Ọnà

Ó wọ́pọ̀ láàárín ọmọ ènìyàn pé bí a bá rí ohun tuntun, a máa ń yìn ín nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Bí a bá sì rí ohun tí ó jọ èyí tí a ti rí tẹ́lẹ̀, a máa ń fi ojú tín-ín-rín wò ó. A ó wí pé ẹni tí ó ṣe ti àkọ́kọ́ ni ọlọ́gbọ́n, pé ẹni tí ó ṣe èkejì kò sàn ju ọ̀bọ tí ń ṣe ohun tí ó rí lọ. Ìdájọ́ yìí rọrùn láti ṣe. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí bá mi yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, nítorí pé èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ ti ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní ibi.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, a pinnu láti fi iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ han àwọn òbí wọn ní ìparí ọdún. Mo wí fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà pé kí olúkúlùkù ya ọnà kan sórí pépà, kí ó sì jẹ́ ohun tí ó ti inú ara rẹ̀ wá. Ọmọkùnrin kan mú tirẹ̀ wá, ó ti fi íńkì aláwọ̀ aró kùn ún yíká. Bí mo ti wò ó báyìí ni mo mọ ọnà náà: Ìbàdàndùn ni, ọnà àdìrẹ tí gbogbo wa mọ̀. Mo bi í pé, “Níbo ni o ti rí èyí?” Ó dáhùn láìbẹ̀rù pé, “Lára ìró ìyá mi ni, sà. Ìyá mi náà sì wò ó lára ti ìyá tirẹ̀.” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé pépà náà sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i, mo wí pé, “Ẹ wo olè ọnà!” mo sì dá a padà fún un láìfún un ní máàkì kan ṣoṣo. Ọmọ mìíràn ni mo fún ní ẹ̀bùn àkọ́kọ́, èyí tí ó ya òdòdó kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbé agolo bisikíìtì kan ka iwájú wa. Òdòdó tí mo fún ní ẹ̀bùn ni ó wà lórí ìdérí agolo náà, pẹ̀lú ewé rẹ̀ mẹ́ta àti ìtàkùn rẹ̀ tí ó lọ́ sí apá òsì, kò yẹ̀ ní ibì kankan. Ọmọ tí ó sọ ibi tí ó ti rí ọnà rẹ̀ ni mo pè ní olè. Èyí tí ó fi tirẹ̀ pamọ́ ni mo fi ẹ̀bùn dá lọ́lá. Èyí tí ó sì burú jù lọ ni pé mo dákẹ́. Ojú tì mí láti padà wá wí níwájú kíláàsì pé mo ti ṣi ẹjọ́ dá. Ọdún parí, ọmọ náà kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ wa, n kò sì rí i kí ó tún ya ohunkóhun mọ́ títí ó fi lọ.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú: nínú iṣẹ́ ọnà, kí ni ènìyàn lè pè ní ti ara rẹ̀, ìgbà wo sì ni àwòkọ́ṣe di olè? N óò sọ ohun tí mo rí fún ọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rìn jìnnà díẹ̀, nítorí pé ojú ẹni a máa ríran kedere nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ju nínú ti ara ẹni lọ.

Ìwọ náà yóò ti rí àwo tánganran funfun tí a fi àwọ̀ aró ya òdòdó tàbí ẹyẹ sí lára. Bí o bá béèrè pé ta ni ó ni ọnà náà, a ó dá ọ lóhùn pé àwọn ará Ṣáínà ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Láàárín ọdún 800 sí 900, àwo funfun láti Ṣáínà ń dé ìlú Basra, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí. Àwọn amọ̀kòkò Basra rí i, ó wù wọ́n, wọ́n sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ní irú amọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ń lò. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi amọ̀ tiwọn mọ àwo, wọ́n sì fi oje dídán kan tí wọ́n po tíìnì mọ́ bò ó, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá sun ún nínú iná, yóò funfun gbòò. Lórí funfun yìí ni wọ́n fi kóbáltì ya ọnà sí, èyí tí í ṣe ohun inú ilẹ̀ tí ń mú àwọ̀ aró jáde nínú iná. Àfarawé ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde lọ́wọ́ wọn kì í ṣe àwo funfun tí wọ́n wò mọ́. Ó ti di ohun mìíràn.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1300, àwọn amọ̀kòkò ìlú Jingdezhen ní Ṣáínà ń fi kóbáltì tí àwọn oníṣòwò kó wá láti ilẹ̀ Páṣíà, tí à ń pè ní Ìránì lónìí, ya ọnà sára àwo tánganran wọn. Àwo yìí ni òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Ní àwọn ọdún 1600, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Họ́láńdì kó o dé Yúróòpù lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn amọ̀kòkò ìlú Delft rí i, ó wù wọ́n. Àwọn náà kò sì ní amọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún àwọn ará Basra. Ọgbọ́n wo ni wọ́n dá? Oje tíìnì kan náà ni, èyí tí ìmọ̀ rẹ̀ ti gba ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí kọjá sí Sípéènì àti Ítálì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọ́n ń ya ọkọ̀ ojú omi wọn, ọlọ wọn tí afẹ́fẹ́ ń yí, àti ìtàn inú Bíbélì sára àwo náà, títí orúkọ ìlú Delft fi di orúkọ ọnà. Nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1700, àwọn ará Ṣáínà pẹ̀lú ń ya àwòrán tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù kó fún wọn sára àwo tí wọ́n ń tà sí òkèèrè.

Wàyí o, òǹkàwé mi, jókòó kí o dá ẹjọ́ yìí. Ta ni olè nínú wọn? Basra wo Ṣáínà. Ṣáínà gba kóbáltì lọ́wọ́ Páṣíà. Delft wo Ṣáínà, ó sì lo ọgbọ́n tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wá. Ṣáínà sì tún wo Yúróòpù. Bí a bá ní kí gbogbo ẹni tí ó wo ọwọ́ ẹlòmíràn jáde kúrò nínú ilé yìí, ilé yóò ṣófo. Àwọn àgbà wa ti wí i pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹlẹ́dàá nìkan ni ó dá ohun láti inú òfo. Ní ti ọmọ ènìyàn, a máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, a sì máa fi nǹkan díẹ̀ lé e kí ó tó gbé e fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé nísinsìnyí, sí ìdí ìkòkò aró. Aṣọ funfun tí ọkọ̀ kó wá láti ìlú òyìnbó ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ sí. Ìyẹ́ adìyẹ ni kálámù wọn, ẹ̀kọ tí a fi láfún sè sì ni íńkì wọn. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ, aró kì í mú un, nígbà tí a bá sì ha ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà yóò hàn. Kí ni wọ́n ń yà? Ohun tí ojú wọn bá rí ni. Ní ọdún 1935, nígbà tí a ń ṣe àjọyọ̀ ọdún 25 tí George Karùn-ún ti jẹ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wo àwòrán ọba náà àti ayaba rẹ̀, wọ́n yà á sórí aṣọ, wọ́n sì pe aṣọ náà ní Ọlọ́ba.

Ìbàdàndùn ńkọ́, èyí tí mo tìtorí rẹ̀ pe ọmọ ní olè? Àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1929 ni ó wà nínú ọnà náà, pẹ̀lú ṣíbí láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òpó Mápó fúnra wọn, òpó ilé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ni wọ́n fara wé. Nítorí náà, ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ìyá tirẹ̀, àwọn aláró wo Mápó, Mápó sì wo Gíríìkì. Bí ọmọ náà bá jẹ́ olè, a jẹ́ pé ìlà àwọn olè tí ó tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn dé Áténì! Ṣùgbọ́n kò sí ará Gíríìkì kan tí ó wo òpó rẹ̀ tí ó rí aṣọ tí obìnrin yóò ró lọ sí ọjà nínú rẹ̀. Ojú àwọn aláró wa ni ó rí i. Bí o bá sì tẹ́ Ìbàdàndùn méjì tí ọwọ́ méjì yà sílẹ̀, ẹni tí kò mọ aṣọ yóò wí pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí ó mọ aṣọ yóò rí i pé ọwọ́ ti ọ̀kan le, ti èkejì rọ̀, àti pé ìlà tí obìnrin kan fà pẹ̀lú sùúrù kò jọ èyí tí ẹlòmíràn fi ìkánjú fà.

Má ṣe rò nítorí èyí pé wíwò nìkan ti tó. Rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní ọdún 1938. Ọba tí ó jókòó, ayaba tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó gun ẹṣin: ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbẹ́ wọn kí a tó bí Ọlọ́wẹ̀, òun náà sì gbẹ́ wọn. Kò sọ pé òun kò ní ṣe ohun tí àwọn baba ti ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ọgọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yọ síta tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi igi náà sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Ní ọdún 1924, a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìfihàn ńlá tí a ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn aláṣẹ British Museum sì fi ìtẹ́ ọba kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ohun àtijọ́ ni Ọlọ́wẹ̀ mú. Nínú rẹ̀ ni ó ti rí ohun tuntun. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ bí àwọn tí ó ṣáájú ṣe ń fi àáké gé igi, kò lè mọ ibi tí òun lè gbà yà kúrò lọ́nà wọn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò sí olè ọnà láyé rárá ni? Ó wà, kí a sì ṣọ́ra kí ọ̀rọ̀ dídùn má bàa bò ó mọ́ wa lójú. Ní erékùṣù Jáfà ní Indonéṣíà, àwọn obìnrin ń fi ìda gbígbóná ya ọnà sórí aṣọ pẹ̀lú ọwọ́ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ nínú aró, gẹ́gẹ́ bí àwọn tiwa ti ń fi ẹ̀kọ yà á. Ní àwọn ọdún 1800, nígbà tí àwọn ará Họ́láńdì ń ṣàkóso Jáfà, àwọn ilé iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ irú aṣọ náà, kí wọ́n lè tà á ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn ará Jáfà fúnra wọn. Ilé iṣẹ́ Vlisco, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní ọdún 1846, wà lára wọn. Nígbà tí ó yá, aṣọ náà dé etíkun tiwa. Ó wù wá; a pè é ní ańkárá, àwọn ìyálọ́jà fún ọnà rẹ̀ ní orúkọ, a fi ṣe aṣọ ẹbí, ó sì di tiwa. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó béèrè bí àwọn obìnrin Jáfà ti ń jẹun?

Lónìí ọ̀rọ̀ náà ti yí kan àwa náà. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí ní òkèèrè ń wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláró ti ń ta tiwọn, owó rẹ̀ sì kéré sí ti aṣọ tí obìnrin fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ yà, tí ó rẹ, tí ó sì sá. Àwa tí a kò sunkún fún ará Jáfà ti wá ń sunkún fún ara wa. Ó yẹ kí a sunkún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn ti ara wa àti ti ẹlòmíràn.

Òṣùwọ̀n wo nìyẹn? Èyí ni mo rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: ẹni tí ó wò kọ́ṣẹ́ ti jẹ gbèsè, ẹni tí ó sẹ́ gbèsè náà ni olè. Gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìwọ jẹ olùkọ́ rẹ ní gbèsè, o jẹ òbí rẹ, o jẹ àwọn tí ó kọ́ èdè tí o ń sọ. Ọ̀nà méjì ni a sì fi ń san gbèsè ọnà. Èkíní, kí a dárúkọ ẹni tí a ti gbà á, kí a sì jẹ́ kí ó jẹ nínú èrè rẹ̀ bí ó bá ṣì wà láàyè. Èkejì, kí a fi làálàá ọwọ́ tiwa àti ohun tí ojú tiwa rí kún un. Obìnrin tí owó rẹ̀ kò tó ra àdìrẹ ọlọ́wọ́, tí ó ra aṣọ ẹ̀rọ kí ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan wọ̀, kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹ̀rọ tẹ aṣọ, tí ó sì wí pé aṣọ ẹ̀rọ ni, kò tíì jalè, ṣùgbọ́n gbèsè wà ní ọrùn rẹ̀ sí àwọn tí ó wo ọnà wọn. Àmọ́ ẹni tí ó tẹ aṣọ ní òkèèrè, tí ó lẹ orúkọ Abẹ́òkúta mọ́ ọn, olè ni. Ó jí owó ẹni tí ó rà á, ó jí orúkọ ẹni tí ó ni ín, ó sì ń lé ọmọbìnrin tí ì bá kọ́ iṣẹ́ náà kúrò ní ìdí aró.

Mú òṣùwọ̀n yìí wá sí inú kíláàsì rẹ. Nígbà tí olùkọ́ kọ lẹ́tà sójú pátákó, tí ìwọ sì wò ó kọ, o kò jalè. Bí gbogbo ènìyàn ti ń kọ́ ìwé kíkọ nìyẹn. Nígbà tí o ka àròkọ tí ó dára, tí o sì ń gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ tìrẹ bí ti ẹni náà, o ń kọ́ṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o wo ìwé ẹni tí ó jókòó tì ọ́ nínú ìdánwò, ọ̀rọ̀ ti yí padà, kì í ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ tí o kọ jọ tirẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé orúkọ tìrẹ tí ó wà lókè ìwé náà ń jẹ́rìí pé, “Èmi ni mo mọ èyí.” Ẹ̀rí èké ni. Ọjọ́ kan yóò sì dé tí a ó fi iṣẹ́ gidi lé ọ lọ́wọ́, tí kò ní sí ìwé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gbẹ́ rẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ṣe ohun kan, má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù pé ẹlòmíràn ti ṣe é rí dá ọ dúró. Wò ó dáadáa. Bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ṣe é. Ṣe é títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, bi ara rẹ léèrè pé, “Kí ni ojú tèmi rí níhìn-ín tí ojú ẹni ìṣáájú kò rí?” Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè ibi tí o ti rí i, dáhùn bí ọmọkùnrin nì ti dá mi lóhùn, láìbẹ̀rù.

Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n wí fún un ní ọjọ́ náà. Ó yẹ kí n wí pé, “O ṣeun tí o sọ òtítọ́. Lọ bá ìyá rẹ, kí ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya òpó àti ṣíbí wọ̀nyí. Nígbà tí o bá mọ̀ ọ́n tán, ya ohun kan tí o rí ní ìlú tiwa sí etí rẹ̀, kí o sì mú un padà wá fún mi.” N kò wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà yóò ti di àgbàlagbà nísinsìnyí, bóyá ó ti ní ọmọ tí ń ka irú ìwé yìí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà sọ fún baba rẹ̀ pé ọ̀gá àná ti gbà pé òun ni ó jẹ̀bi. Gbèsè ni, n kò sì ní sẹ́ ẹ mọ́.